Máàkì Wo Ni Kí A Fi Ránṣẹ́? Ìrírí Mi Lórí SAT àti Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa ló mọ bí a ṣe ń múra ọmọ sílẹ̀ fún SAT, ìdánwò ìgbàwọlé sí yunifásítì Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ohun tó yẹ kí a fi máàkì náà ṣe nígbà tó bá jáde kò tó nǹkan. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Abẹ́òkúta. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ọmọ olọ́mọ fi orúkọ sílẹ̀ fún WAEC àti JAMB, mo sì rò pé bákan náà ni gbogbo ìdánwò rí: ọmọ á jókòó kọ ọ́, èsì á jáde, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wò ó á wò ó. Ní ti SAT, ẹni tó kọ ìdánwò ló ń pinnu èyí tí ilé ẹ̀kọ́ kan máa rí nínú èsì rẹ̀ àti èyí tí kò ní rí, ìpinnu yìí ló sì gba oorun lójú wa ju ìdánwò náà lọ. Nítorí àwọn òbí àti ọmọ tó máa dé orí rẹ̀ lẹ́yìn wa ni mo ṣe kọ ìwé yìí, kí ohun tó gún wa lẹ́sẹ̀ má bàa gún tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe yàtọ̀ sí ti ilé, nítorí ibẹ̀ ni àṣìrò wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ JAMB ní máàkì kan ṣoṣo lórí 400, JAMB fúnra rẹ̀ ló ń gbé e fún yunifásítì, ọdún yẹn nìkan ló sì wúlò fún. SAT kò rí bẹ́ẹ̀. 1600 ni òkè rẹ̀: 800 fún ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, 800 fún ìṣirò. Ọmọ lè kọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún kan náà, gbogbo èsì rẹ̀ á sì wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ College Board, àjọ tó ni ìdánwò náà. Èyí tuntun kì í pa èyí àtijọ́ rẹ́. Láti ọdún 2009 ni àjọ náà ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Score Choice, èyí tó fún ọmọ láyè láti mú ọjọ́ ìdánwò tó wù ú nínú àwọn tó ti kọ, kí ó ní èyí ni kí ilé ẹ̀kọ́ báyìí rí. Odindi ọjọ́ ló ń mú o. Kò lè gé ìṣirò kúrò lára ìwé kíkà tó kọ lọ́jọ́ kan náà.

Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ọmọ mi kọ́kọ́ kọ ọ́, ní Ìbàdàn. Láti oṣù Kẹta ọdún yẹn ni wọ́n ti gbé ìdánwò náà kúrò lórí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà fún gbogbo àwọn tí kò sí ní Amẹ́ríkà, kò sì pọ̀ lára àwọn tó ṣáájú wa tó lè júwe rẹ̀ fún wa. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ ló gbé lọ, páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sì béèrè lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọn kì í gba káàdì ìdánimọ̀ mìíràn ní Nàìjíríà. Ẹ má ṣe fi páásípọ́ọ̀tù falẹ̀. Mo mọ ọmọ tó ti san owó ìdánwò tán kó tó mọ̀ pé NIN kò lè mú òun wọlé.

Nígbà tí ọmọ bá ń fi orúkọ sílẹ̀, College Board máa ń fún un láyè láti dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ 4 tí àwọn máa fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Àyè yìí ṣí sílẹ̀ títí di ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìdánwò. Lẹ́yìn ìyẹn, owó dọ́là ni fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ kẹsàn-án yìí sábà máa ń kọjá kí èsì tó jáde. Ìyẹn ni pé ẹ ó ránṣẹ́ láì tíì mọ ohun tí ẹ ń rán. Ọmọ mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná, ká tó fi han ẹlòmíràn.” Bàbá rẹ̀ àti èmi kò gbà, nítorí owó. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ báńkì ti dá káàdì náírà dúró láti máa sanwó lókè òkun, àfi kí èèyàn lọ wá káàdì dọ́là lórí fóònù, kí ó ra dọ́là sínú rẹ̀ ní iye ọjà, kí ó sì máa gbàdúrà pé kí owó náà wọlé. A wò ó pé bí ọ̀fẹ́ yìí bá kọjá, a ò mọ ibi tí a ti máa rí owó òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èsì jáde: 640 nínú ìwé kíkà, 670 nínú ìṣirò, àpapọ̀ rẹ̀ 1310. Ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin, a kò sì lè pè é padà. Ọmọ náà kò bá wa jà, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jálẹ̀ ọjọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì dùn mí ju bí ì bá ti bá wa jà lọ.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án tí ó jókòó ti ojú ewé àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a rí i pé ìbẹ̀rù wa kò nídìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ èsì láti ọ̀dọ̀ College Board rárá nígbà tí ọmọ bá ń kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ máàkì rẹ̀ sínú Common App, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ jọ ń lò. Bí wọ́n bá gbà á, tí òun náà sì gbà láti wá, ìgbà náà ni wọ́n máa béèrè èsì gidi láti fi wé ohun tó kọ. Ìyẹn ni pé ilé ẹ̀kọ́ kan péré ni a máa sanwó èsì fún níkẹyìn. Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ mú èyí: kí ẹ tó ná dọ́là kankan, kí ẹ tó lo ọ̀fẹ́ kankan, ẹ wá ibi tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá àwọn gba máàkì tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Òmíràn ṣì máa ń béèrè èsì gidi láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó bí a ti rò. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí a fi èsì ránṣẹ́ sí lóṣù Kẹfà pàápàá, ọmọ mi kò kọ fọ́ọ̀mù wọn mọ́.

Ó tún ìdánwò náà kọ ní oṣù Kẹwàá. Ìṣirò fò sókè dé 780. Ìwé kíkà lọ sílẹ̀ sí 620. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1400. Àwa òbí ń yọ̀, ṣùgbọ́n 20 tó jábọ́ yẹn ni ọmọ ń wò, kì í ṣe 110 tó fi lé e. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tó wà lórí ìwé yìí ti wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣé ti oṣù Kẹwàá nìkan ni kí a fi hàn, nítorí àpapọ̀ rẹ̀ ló ga jù? Àbí kí a fi méjèèjì hàn, nítorí 640 oṣù Kẹfà ṣì dára ju 620 lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lára máàkì, ara ilé ẹ̀kọ́ ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ WAEC mọ̀ pé àwọn yunifásítì wa kan á gbà kí ọmọ kó èsì ìjókòó méjì pọ̀, WAEC mọ́ NECO, tí òmíràn á sì ní àfi ìjókòó kan ṣoṣo, pàápàá fún ìmọ̀ ìṣègùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti SAT. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní superscore: wọ́n á mú ìṣirò tó ga jù, wọ́n á mú ìwé kíkà tó ga jù, láti ọjọ́ yòówù, wọ́n á sì ro wọ́n pọ̀. Lọ́dọ̀ irú wọn, ọmọ mi ní 640 àti 780, ìyẹn 1420, ṣùgbọ́n kò lè rí 1420 yẹn gbà bí a bá fi èsì oṣù Kẹfà tí ojú ń tì wá pamọ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan tó ga jù lọ ni wọ́n ń wò; fún wọn, ti oṣù Kẹwàá tó. Àwọn kan tún wà, Georgetown ni mo mọ̀ dájú lára wọn, tí kò gbà kí ọmọ ṣà lára èsì rẹ̀: gbogbo ohun tó bá ti kọ ni kí ó fi ránṣẹ́. Ní ti Yunifásítì California pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, wọn kì í wo SAT rárá nígbà tí wọ́n bá ń yan ọmọ, bí ẹ tilẹ̀ gba 1600.

Ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí mo fi ń kọ ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́, ni a fi tò ó. Ọmọ mi fi rúlà fa ìlà sí i. Apá òsì jẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka máàkì. Lẹ́yìn ìyẹn, bóyá wọ́n gba èyí tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ gbèdéke. Ti ìkẹyìn, tó fẹ̀ jù, jẹ́ àyè fún ọ̀rọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tí ó dà kọ láìyí i padà. Apá ìkẹyìn yẹn ló gbà wá là jù, nítorí nígbà tí ariyanjiyan bá dé, a kì í jiyàn lórí ohun tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ohun tí tíṣà lẹ́sìnnì wí, ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní ọdún 2019, kò sí èyí tó ṣe é gbára lé, torí lọ́dọọdún ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń yí òfin wọn padà.

Mo ní láti sọ pé fọ́ọ̀mù Common App kan náà ló ń lọ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi máàkì han ilé ẹ̀kọ́ kan, tí kò sì fẹ́ fi han èkejì, gbọ́dọ̀ wo apá ìdánwò inú rẹ̀ dáadáa kó tó tẹ bọ́tìnnì ránṣẹ́, kí ó sì tún wo ìbéèrè tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n wo máàkì òun. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára tí gbèdéke sì ku wákàtí díẹ̀, ó rọrùn púpọ̀ láti gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ ni a dé orí ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù, tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Láti ìgbà àrùn kòrónà lọ́dún 2020, nígbà tí ibi ìdánwò tì pa káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ti sọ máàkì di ohun tí ẹni tó bá wù ló ń fi ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ méjì kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, Bowdoin láti nǹkan bí ọdún 1969, Bates láti 1984, ṣùgbọ́n ọdún kòrónà ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Nínú ìwé tí a tò, púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wu ọmọ mi ló wà ní irú ipò yìí. Nítorí náà, yàtọ̀ sí máàkì wo, ìbéèrè kejì wà: ṣé kí a tilẹ̀ fi ránṣẹ́?

Ẹni tó ń gbà wá nímọ̀ràn fún wa ní òfin kan tó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n dání. Ó ní kí a wo máàkì àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ náà gbà ní ọdún tó kọjá. Bí tiwa kò bá dé àárín rẹ̀, kí a fi pamọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń tẹ nọ́ńbà méjì jáde. Ká sọ pé wọ́n kọ 1480 sí 1560. Ojú tí mo fi wò ó ni ojú JAMB: 1480 ni gbèdéke máàkì, ọmọ mi ní 1420, kò wọlé, ó parí. Ohun tí nọ́ńbà méjì yẹn ń sọ kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé ìdámẹ́rin àwọn ọmọ tó wọlé tí wọ́n fi máàkì sílẹ̀ gba iye tó kéré sí 1480, ìdámẹ́rin gba ju 1560 lọ, àwọn ìyókù sì wà láàárín. Àwọn ọmọ wà nísàlẹ̀ 1480 tí wọ́n ti jókòó sí kíláàsì níbẹ̀. Ó tún ku èyí tí kò hàn sójú: ní ilé ẹ̀kọ́ tí fífi máàkì ránṣẹ́ kò pọn dandan, ẹni tí máàkì rẹ̀ dára ló ń fi í hàn, ẹni tí tirẹ̀ kò dára á fi í pamọ́, torí náà nọ́ńbà méjì yẹn á máa ròkè lọ́dọọdún láìjẹ́ pé àwọn ọmọ tó wọlé mọ̀wé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbé jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Common Data Set. Ní abala C9 rẹ̀ ni ẹ ti máa rí nọ́ńbà náà, tí ẹ ó sì rí iye ọmọ nínú ọgọ́rùn-ún tó fi máàkì sílẹ̀. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Nọ́ńbà tó wá láti ọ̀dọ̀ ìdajì kíláàsì kò dúró fún gbogbo kíláàsì.

A kò mọ èyí nígbà náà. A fi 1420 pamọ́ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí nọ́ńbà wọn ga, a sì fi hàn fún àwọn tó kéré díẹ̀. Bí mo bá sì sọ òtítọ́ inú mi, kì í ṣe ìmọ̀ràn ẹni yẹn nìkan ló ṣe é. Ìtìjú wà níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, máàkì ọmọ jẹ́ ohun tí a ń fi orúkọ ilé sí. A ti gbọ́ nípa ọmọ ìlú Èkó báyìí tó gba 1540, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ńlá tí wọ́n ní olùkọ́ SAT lọ́tọ̀, ojú sì ń tì wá láti gbé tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tó fi fóònù kọ́ ìbéèrè ìṣirò nígbà tí iná kò sí, tó sì gba 780, ti sọ ohun ńlá kan nípa ara rẹ̀ tí kò sí lẹ́tà ìyìn kankan tó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2024 ni gbèdéke ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, Dartmouth ní ìpínlẹ̀ New Hampshire kéde pé àwọn máa padà sí bíbéèrè SAT tàbí ACT, ìdánwò ìgbàwọlé mìíràn tó jọ SAT. Ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ náà, Sian Beilock, ló ti ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tiwọn wádìí ọ̀rọ̀ náà. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ tí kò ti ilé olówó wá ń fi máàkì pamọ́, àwọn kan nínú wọn tí máàkì wọn ti lé ní 1400, nígbà tí ó jẹ́ pé máàkì náà ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ń yan ọmọ níbẹ̀ kì í wo nọ́ńbà ní òun nìkan. Wọ́n ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti wá àti ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ máa ń gbà. Máàkì tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ olówó lè jẹ́ ìyanu lọ́wọ́ ọmọ ibòmíràn.

Ọmọ mi ló ka ìròyìn náà fún mi láti orí fóònù rẹ̀, ní ilé ìdáná, mo ń yí àmàlà lọ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ 1400, mo pa gáàsì. Mo ní kí ó tún un kà. A ti fi ránṣẹ́ tán, ilẹ̀kùn sì ti tì. Ọmọ Nàìjíríà láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tó ní 780 nínú ìṣirò, ni a ti gbé fún wọn láìfi ìṣirò náà hàn wọ́n.

Nígbà tí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní oṣù Kẹta, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí a fi máàkì pamọ́ fún ló kọ̀. N kò lè búra pé nítorí ìyẹn ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn ń kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tó ní 1600, ọmọ òkèèrè tó sì ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó, bíi tiwa, ló nira jù fún láti wọlé ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a yọ ohun tó lágbára jù nínú ìwé rẹ̀ kúrò, a sì fi ọwọ́ ara wa yọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á, tó tún fún un ní sikọ́láṣíìpù, wà lára àwọn tí a fi 1420 hàn. Díẹ̀ ló kù kí èyí náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lórí ojú ewé ìgbàwọlé wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé máàkì kò pọn dandan. Lórí ojú ewé mìíràn, ti sikọ́láṣíìpù, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ro òun mọ́ èyí tó tóbi jù gbọ́dọ̀ fi máàkì sílẹ̀. Ojú ewé méjì, òfin méjì, ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọmọ mi ló rí i, nítorí pé ó fẹ́ rí ohun tí yóò kọ sí apá ìkẹyìn ìwé ìkọ̀wé náà. Fún ọ̀pọ̀ wa tí kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà láti inú àpò ara wa, ojú ewé sikọ́láṣíìpù ló yẹ kí a kọ́kọ́ kà.

Ní ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, TOEFL tàbí Duolingo, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé wa. Àwọn mìíràn ń béèrè rẹ̀ bí ọmọ tilẹ̀ gba A1 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Ẹ kọ ìmeèlì sí wọn. A kọ ọ́, ilé ẹ̀kọ́ méjì sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, a kò ná kọ́bọ̀. Àti pé bí ó bá di dandan, Duolingo kì í gba owó láti fi èsì ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́, iye yòówù kí wọ́n jẹ́, èyí tó sàn púpọ̀ fún ẹni tí káàdì rẹ̀ kò lè sanwó lókè òkun.

Lẹ́yìn tó gba àyè náà, ó wá ku èsì gidi láti ọ̀dọ̀ College Board. Nítorí pé superscore ni ilé ẹ̀kọ́ yìí ń lò, ọjọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí 1420 tó fìdí múlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Maryland ló bá wa fi káàdì tirẹ̀ san án. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ilé ẹ̀kọ́ níbi yìí: University of Miami wà ní Florida, Miami University sì wà ní Ohio, University of Washington wà ní Seattle, Washington University sì wà ní St. Louis. Nọ́ńbà mẹ́rin ni College Board fi ń dá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ mú un láti ojú ewé ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an.

A sanwó, ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn kò rí èsì kankan. Orúkọ ni. Nínú páásípọ́ọ̀tù, èyí tí ó fi kọ ìdánwò, orúkọ àbísọ rẹ̀ wà ní ọ̀rọ̀ kan gígùn. Nínú WAEC, èyí tí ó fi kọ Common App, wọ́n ti gé e sí méjì, ìdajì kejì sì ti di orúkọ àárín. Lójú kọ̀ǹpútà wọn, èèyàn méjì ni. Ó kọ ìmeèlì, ó so àwòrán ojú ewé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ọjọ́ ìdánwò méjèèjì. Wọ́n rí i, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n sì fèsì pé ó ti pé. Ẹ̀yin tí orúkọ ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa tàbí Ọlá, tí akọ̀wé ilé ìwé ń gé síbi tó wù ú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí i pé bákan náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ níbi gbogbo kí ọmọ tó fi orúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kàn báyìí, òfin sì ti yí padà láti ìgbà ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. MIT ti padà sí bíbéèrè SAT tàbí ACT láti ọdún 2022. Ní 2024, Yale, Brown, Harvard àti Caltech tẹ̀ lé Dartmouth, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yale gba èsì AP tàbí IB, àwọn ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama mìíràn, dípò rẹ̀, tí Harvard sì ní ẹni tí ọ̀nà SAT àti ACT bá dí mọ́ pátápátá lè mú èsì ìdánwò àṣejáde orílẹ̀-èdè rẹ̀ wá. Columbia ní tirẹ̀ ti kéde ní 2023 pé fífi máàkì ránṣẹ́ kò pọn dandan. Àbúrò náà ti fi rúlà fa ìlà sí ìwé ìkọ̀wé tuntun. Ó fi apá kan kún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tó ń kọ iye ọmọ nínú ọgọ́rùn-ún tó fi máàkì sílẹ̀ láti inú abala C9. Kò tíì lo àyè ọ̀fẹ́ mẹ́rin rẹ̀. Ó ní òun máa kọ́kọ́ ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè tán.